Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ibo Ni Ètò Ọdún Márùn-ún Fún Iná Ìgbèríko Ti Ń Bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ sí ẹ̀ka ìṣètò ní àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ wa tó ń rí sí iná mọ̀nàmọ́ná ìgbèríko. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ni pé kí n kọ ètò ọdún 5 tí yóò mú kí iná dé àwọn abúlé wa ní iye owó tí apá wọn ká. Fáìlì tí mo bá nílẹ̀ jẹ́ orúkọ abúlé bíi 200, pẹ̀lú iye òpó àti tiransifọ́mà tí wọ́n kọ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní kí n kàn fi sólà rọ́pò wọn. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé owó iná náà kò ní wọ́n ju agbára àgbẹ̀ lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ohun tí ẹ bá nínú fáìlì yẹn kì í ṣe ètò. Àkọsílẹ̀ ohun tí a fẹ́ rà ni. Ètò gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tí yóò máa sanwó iná náà, ohun tí onítọ̀hún yóò máa fi iná náà ṣe, àti ẹni tí yóò pààrọ̀ bátìrì tó kú tàbí tiransifọ́mà tó jó ní ọdún keje, nígbà tí àwọn tó wá ṣí iṣẹ́ náà ti gbàgbé orúkọ abúlé ọ̀hún. Ọdún keje yẹn ni mo ní kí ẹ kọ́kọ́ rò, kí ẹ sì máa bọ̀ láti ibẹ̀ wá sí òní.

Ohun tí mo fojú rí ni mo ń sọ. Ní àjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, iye òpó tí a rì mọ́lẹ̀ ni a fi ń díwọ̀n àṣeyọrí wa lọ́dọọdún. Abúlé kan wà tí òpó wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láìsí wáyà. Iná ìgbẹ́ jó lára wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará ibẹ̀ sì kó ìyókù lọ fi ṣe afárá odò. Nínú ìwé wa, abúlé yẹn wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn ń lọ déédéé. Ó dùn mí títí di òní, nítorí pé kò sí ẹni tó purọ́ nínú wa: òpó ni ètò ní kí a kà, òpó la sì kà. Nítorí náà, ẹ má ka òpó. Ẹ ka iye ilé tí iná ń tàn níbẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí tí ẹ ti dá lóòjọ́, ní òpin ọdún kìíní, kí ẹ sì tún wọn kà ní òpin ọdún kẹta.

Ní ti pé kí iná má wọ́n jù, ẹ má ṣe fi owó iná àwọn ará ìlú ńlá wọn ti ará abúlé. Ohun tí àgbẹ̀ ń ná lọ́wọ́lọ́wọ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní “I better pass my neighbour” kì í sábà fúnni ju nǹkan bíi yúnìtì kan lọ láti inú lítà epo bẹntiróòlù kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan ti kúrò ní ohun tí kò tó 200 náírà, ó kọjá 500, ó sì dé agbègbè 1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ tan ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà náà ń ra yúnìtì kan ní nǹkan bíi 1,000 náírà, kí ó tó ra ọ́ìlì àti pọ́lọ̀ọ̀gì. Ká sọ pé ibùdó sólà kan fẹ́ ta yúnìtì kan ní 350 náírà: yóò dà bí ìwà ìkà lójú ẹni tó ń gbé ìgboro, ṣùgbọ́n lójú onísọ́ọ̀bù yẹn, ìtura ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò dọ́gba fún gbogbo ilé ṣá o. Ìyá àgbà tó jẹ́ pé tọ́ọ̀ṣì àti owó tó fi ń gba iná sí fóònù nìkan ló ń ná, kò ní jẹnẹrétọ̀ kankan tí a ó bá a pa tì, owó yúnìtì sì kọ́ ló máa ń dí irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Owó tí wọ́n fi ń fa wáyà wọ inú ilé, tí wọ́n fi ń ra súìsì, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti gílóòbù, ni kì í jẹ́ kí ó wọlé sínú ètò rárá. Mo ti rí abúlé tí wáyà gba orí òrùlé ilé kọjá tí ilé náà sì wà nínú òkùnkùn, tí àwọn òṣìṣẹ́ wa sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé iná ti dé. Bí ẹ bá fẹ́ kí ètò yín dé ọ̀dọ̀ tálákà, ẹ fi owó ìfàwáyà wọlé sínú owó iṣẹ́ gan-an, tàbí kí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀ mọ́ owó iná.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó tó bi ara yín léèrè bóyá òpó ni tàbí sólà. Ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo fún abúlé 200, àwọn tó ní kí ẹ kàn fi sólà rọ́pò òpó sì ń tún àṣìṣe kan náà ṣe ni. Abúlé tó ní ilé 300, tí kò jìnnà ju kìlómítà méjì sí wáyà ńlá tí iná wà lórí rẹ̀ ní tòótọ́, ẹ fà á mọ́ ọn. Mo ní “ní tòótọ́” nítorí pé wáyà tí iná kì í wá sórí rẹ̀ ju wákàtí mẹ́ta lóòjọ́ kò yẹ kí a ka ìtòsí rẹ̀ sí àǹfààní. Abúlé tí àwọn ilé rẹ̀ sún mọ́ra, tó ní ọjà àti ẹ̀rọ ìlọta, ṣùgbọ́n tó jìnnà sí wáyà, mini-grid ló yẹ ẹ́, ìyẹn ibùdó sólà tó ní bátìrì àti wáyà tirẹ̀ tó ń fún ibẹ̀ nìkan níná. Irú rẹ̀ kan wà ní Gbámù-Gbámù ní agbègbè Ìjẹ̀bú, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2018, tí agbára rẹ̀ tó kilowáàtì 85. Àwọn abà tí ilé wọn tú ká, tí kò ju ogún lọ, sólà orí òrùlé tí olúkúlùkù lè san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ti tó wọn.

Ní gbogbo ibi tí ẹ bá yàn fún mini-grid, ẹ wá àwọn tó máa lo iná lọ́sàn-án kí ẹ tó pinnu bí ibùdó náà yóò ṣe tóbi tó. Bátìrì ló ń mú kí iná alẹ́ wọ́n. Iná tí oòrùn ń mú wá lọ́sàn-án tí kò sẹ́ni tó lò ó, òfò ni. Àwọn ìyá tó ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí, onílọta, aránṣọ, ẹni tó ní fíríìjì omi tútù, àwọn yìí ni yóò gbé owó ibùdó náà ró tí yúnìtì ará ilé yóò fi lè rọjú. Ẹ̀rọ tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílọta ń lò, wọn kò sì ní rówó ra mọ́tò oníná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí Ààrẹ Franklin Roosevelt dá àjọ iná ìgbèríko ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1935, nǹkan bí oko 1 nínú 10 péré ni iná dé. Yàtọ̀ sí pé àjọ náà yá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀ lówó fún wáyà ojú títì, ó tún yánilówó fún wáyà inú ilé àti ohun èlò oníná. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1950, oko 9 nínú 10 ti ní iná. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni ẹ̀yáwó fún mọ́tò onílọta.

Ní ti òfin, iṣẹ́ yín ti yí padà ju ti àwọn tó ṣe fáìlì yẹn lọ. Àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè àti òfin iná mọ̀nàmọ́ná, tí wọ́n jọ jáde ní ọdún 2023, ti fún ìpínlẹ̀ lágbára láti máa darí ọjà iná tirẹ̀, àjọ NERC, tó ń darí ọ̀rọ̀ iná fún gbogbo orílẹ̀-èdè, sì ti ń gbé iṣẹ́ náà lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ìpínlẹ̀ yín ti gbà á, kí ẹ lè mọ ẹni tí yóò fọwọ́ sí iye owó iná. Ìlànà mini-grid tí NERC ṣe ní 2016, tí wọ́n ti tún ṣe ní 2023, gbà pé ilé-iṣẹ́ àti abúlé lè jọ fẹnu kò lórí iye owó, bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà bá fọwọ́ sí i. Ó tún dáàbò bo ẹni tó ná owó rẹ̀ níbẹ̀ bí wáyà ńlá bá padà dé. Ẹ má ṣe fi ìbuwọ́lù Báálẹ̀ nìkan rọ́pò ìfọwọ́sí àwọn oníbàárà yẹn, nítorí àwọn tí a kò bi léèrè ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ̀ láti sanwó.

Owó ìrànwọ́ wà lóde. Iṣẹ́ tí REA, àjọ iná ìgbèríko ti ìjọba àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Báńkì Àgbáyé lẹ́yìn ọdún 2018 gba ọ̀nà kan tó wù mí: lẹ́yìn tí iná bá ti dé ọ̀dọ̀ oníbàárà tí wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò ni ilé-iṣẹ́ tó kọ́ mini-grid ń gba owó, dọ́là 350 lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, DARES, tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 2023 pẹ̀lú dọ́là 750 mílíọ̀nù, ń lépa àtimú iná dé ọ̀dọ̀ ènìyàn mílíọ̀nù 17.5. Kí àjọ yín máa pèsè ilẹ̀, ìwádìí abúlé àti àdéhùn tó mọ́, kí àwọn ilé-iṣẹ́ má baà sá fún ìpínlẹ̀ yín.

Ìtọ́jú ni mo fẹ́ kí ẹ wonkoko mọ́. Páńẹ́lì lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ; bátìrì olómi lè má ju ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, lítíọ́mù sì lè tó mẹ́wàá. Nínú owó yúnìtì kọ̀ọ̀kan, ẹ ya apá kan sọ́tọ̀ sí àpò báńkì tí alága kankan kò lè dá ti ọwọ́ bọ̀. Kí mítà sì jẹ́ èyí tí ènìyàn ń ra owó sí bí ẹni ra káàdì fóònù, torí pé owó àgbẹ̀ kì í wọlé lóṣooṣù. Ẹni tó ta kòkó rẹ̀ lónìí lè fẹ́ ra yúnìtì oṣù mẹ́ta sílẹ̀.

Àwọn aṣòfin yóò wá bá yín pé kí ẹ gbé abúlé tiwọn síwájú. Ẹ kọ òṣùwọ̀n tí ẹ fi yan abúlé sílẹ̀ kí orúkọ tó wọlé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì. Kì í yanjú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fún òṣìṣẹ́ kékeré ní ohun tó lè nàka sí.

Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ mú 20 nínú abúlé 200 yẹn, láti oríṣiríṣi agbègbè. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ ka jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta, kí ẹ bi àwọn obìnrin léèrè lọ́tọ̀ ohun tí wọ́n ń ná lórí iná àti epo, kí ẹ sì wọn ọ̀nà dé ibi wáyà tó ní iná. Bí ẹ bá ti kó gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fọwọ́ kan 180 tó kù.