Ṣé igi páìnì etí òkun ní Jàpáànì tó ohun téèyàn ń kó ọmọ lọ wò?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin òbí. Lọ́ńdọ̀n la wà, iṣẹ́ fẹ́ gbé ọkọ mi lọ sí Tokyo níparí oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ á ti gba họ́lídè nígbà yẹn, la bá ní ká kúkú jọ lọ. Mo wá rí fọ́tò ibì kan tí wọ́n ń pè ní Miho no Matsubara, igi páìnì tò lọ rẹrẹ létí òkun, òkè Fuji funfun báláú lọ́ọ̀ọ́kán, ọkàn mi sì fà sí i gan-an. Bàbá wọn ní ṣé tìtorí igi la ṣe máa wọkọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, pé ṣé kò sígi ní Lọ́ńdọ̀n ni. Ọmọ ọdún méje làwọn ìbejì, Ìdòwú wọn jẹ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá ti kó ọmọ débẹ̀ jọ̀ọ́ kó sọ òótọ́ fún mi, ṣé kò ní sú wọn? Ṣé wọ́n lè wọ omi?

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Yokohama lèmi ń gbé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kó àwọn tèmi lọ síbẹ̀, ti àkọ́kọ́ bàjẹ́ pátápátá, èkejì ni wọ́n ṣì ń sọ dòní.

Ẹ̀bi mi ni ti àkọ́kọ́. Oṣù Kẹjọ la lọ, oòrùn ń ta bí iná, ìkùukùu bo Fuji mọ́lẹ̀ a ò rí ìdí ẹ̀ ká má tíì sọ orí, ọmọ mi ọkùnrin ń bi mí pé Daddy, òkè ọ̀hún dà? Wọ́n ti wọ aṣọ ìwẹ̀ sábẹ́ aṣọ láti ilé, àṣé wọn kì í lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, omi ẹ̀ máa ń jìn lójijì. Ẹ má retí iyanrìn funfun náà o, dúdú ni, òkúta wẹ́wẹ́ sì kún un. Kí n má parọ́, igi yẹn sú èmi pàápàá lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀kejì, oṣù Kìíní ni, àárọ̀ kùtù. Ìgbà òtútù lojú ọ̀run máa ń mọ́ níbẹ̀ jù, torí náà oṣù Kejìlá yín yẹn dáa, ẹ ṣáà jí lọ. Bá a ṣe yọ láàárín igi báyìí, Fuji ló dúró gbagidi lódìkejì omi yẹn, mítà 3,776, yìnyín dé e lórí bíi fìlà, àwọn ọmọ tó ń pariwo bọ̀ dákẹ́ lọ gbári. Ó sì jìn síbẹ̀ o, bíi kìlómítà 45. Nígbà tí UNESCO fẹ́ kọ Fuji mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2013, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kí wọ́n yọ Miho kúrò torí pé ó jìn sí òkè, ìgbìmọ̀ tó jókòó ní Cambodia ni ò gbà tó fi í sílẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ sọ ìyẹn fún bàbá wọn. Ẹ tún sọ fún un pé igi yẹn tó bíi 30,000, ó gùn lọ bíi kìlómítà méje, àwọn ló ń gba atẹ́gùn òkun dúró fáwọn tó ń gbé lẹ́yìn wọn.

Ohun tó tún jẹ́ kó dùn ni ìtàn tí mo sọ fún wọn nínú réèlù. Wọ́n ní apẹja kan tó ń jẹ́ Hakuryo rí aṣọ àràmàǹdà kan tí wọ́n fi kọ́ igi páìnì níbẹ̀, ló bá mú un, ó fẹ́ gbé e lọlé. Àṣé ti obìnrin ọ̀run kan ni, kò sì lè fò padà láìsí i, ó bú sẹ́kún. Apẹja ní òun á dá a padà tó bá lè jó ijó ọ̀run fóun, obìnrin ní kó kọ́kọ́ kó aṣọ wá, ọkùnrin ní tóun bá fún un tán tó fò lọ ńkọ́, obìnrin ní ọmọ aráyé ló ń tan ara wọn jẹ, kò sẹ́tàn lọ́run. Ojú ti apẹja, ó gbé e fún un, obìnrin wọ̀ ọ́, ó jó jó jó títí ó fi ré kọjá lórí Fuji.

Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí mò ń lọ. Mo tún sọ ti ọdẹ àti àgbọ̀nrín fún wọn, bó ṣe bọ́ awọ ẹ̀ tó di obìnrin, tí ọdẹ gbé awọ pamọ́ sórí àjà tó sì fi í ṣaya. A dé ìdí igi tí wọ́n ní aṣọ yẹn kọ́ sí, ọmọbìnrin mi wò ó títí, ó ní Daddy, kí ló dé tí ọdẹ tiwa ò dá tiẹ̀ padà? Mo ṣì ń wá èsì o.

Ìkẹta nigi ọ̀hún báyìí sha, èyí tó ṣáájú gbó, ni wọ́n bá fi òmíì jẹ ní 2010 bí ẹni fọba jẹ.

Ti ọkọ̀: ẹ wọ Shinkansen, réèlù tó ń sáré bí àṣá yẹn, láti Tokyo dé Shizuoka, èyí tí wọ́n ń pè ní Hikari àbí Kodama ni o, èyí tó ń jẹ́ Nozomi ò dúró níbẹ̀. Ẹ wá wọ réèlù kékeré lọ sí Shimizu, kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì bíi ìṣẹ́jú 25, ìyókù ẹsẹ̀ ni. Ìdajì owó làwọn ìbejì máa san, Ìdòwú ò ní sanwó tẹ́ ẹ bá gbé e lẹ́sẹ̀. Ilé kan wà níbẹ̀, Miho Shirube, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ń sọ ìtàn ibẹ̀, ẹ lè sá wọbẹ̀ tí òtútù bá mú yín. Láti ojúbọ Miho, pákó ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bíi mítà 500 láàárín àwọn igi àgbà, káwọn èèyàn má baà máa tẹ gbòǹgbò wọn mọ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ ọmọ máa rìn dáadáa níbẹ̀ yẹn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti dórí òkúta etí omi ó parí nìyẹn, ẹ mú ọ̀já dání kẹ́ ẹ pọn Ìdòwú.