Kí ẹ tó fi iléeṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ti bàjẹ́

Ẹ ní kọ̀ǹpútà alágbèéká yín ti lo ọdún 3, bátìrì rẹ̀ kì í pé wákàtí 1 mọ́, ó ń gbóná, híńjì ọwọ́ òsì (irin tó so ojú rẹ̀ mọ́ ìdí) sì ti ń dún kẹ́kẹ́ bí ẹ bá ṣí i. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ kúkú fi iléeṣẹ́ tó ṣe é sílẹ̀, kí ẹ lọ bá òmíràn. Èmi náà ti bínú fi ọ̀kan sílẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà kò tíì pé ọdún 2 tí híńjì rẹ̀ fi já. Mo ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ "kẹ́ẹ́", igun kan ojú rẹ̀ sì là sókè bí ìkarahun ìgbín tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́ránǹtì ti parí ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà, èsì wọn ni pé ó ní láti jẹ́ pé mo jẹ́ kó ṣubú. Kò ṣubú rí! Mo búra lọ́jọ́ náà pé n kò ní fọwọ́ kan ohun tó bá ní orúkọ wọn lára mọ́ láé.

Ni mo bá lọ ra ti iléeṣẹ́ mìíràn. Ó fẹ́lẹ́, ó ń dán, mo sì ń fi yangàn. Oṣù 18 lẹ́yìn náà, híńjì já. Igun kan náà.

Ẹni tó bá mi tú u ló là mí lójú. Ó ní kí n gbé ti àkọ́kọ́ wá (abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, ìbínú ni kò jẹ́ kí n jù ú nù), ó tú òun náà, ó sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Irin híńjì kò ṣe nǹkan kan nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó tú ni àwọn nọ́ọ̀tì idẹ kéékèèké tí síkúrù híńjì ń wọ̀. Inú ike lásán ni wọ́n rì wọ́n sí. Híńjì le, ike kò le, nítorí náà gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí kọ̀ǹpútà, ike ló ń jẹ ìyà rẹ̀, títí nọ́ọ̀tì fi fà tu. Ó ní ìṣòro yẹn kò mọ orúkọ iléeṣẹ́, pé inú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe fún ìlò ilé lòun ti máa ń rí i, ta ni ì báà ṣe é. Ó tún ní ká ní mo ti mú un wá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dún ni, òun ì bá kàn dẹ híńjì náà díẹ̀, ì bá sì ti pẹ́ sí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi kẹ́kẹ́ tó ń dún yẹn ṣeré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ yìí.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ ìyá méjì nínú iléeṣẹ́ kan lè ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín iléeṣẹ́ méjì lọ. HP ṣe Pavilion fún ilé, ó ṣe EliteBook fún ọ́fíìsì. Lenovo ní IdeaPad, ó sì ní ThinkPad, tí IBM bí ní 1992 kí Lenovo tó ra ẹ̀ka náà lọ́wọ́ wọn ní 2005. Inspiron àti Latitude ni ti Dell, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí orúkọ padà ní 2025. Ẹ sì má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí kì í fọwọ́ ara wọn to gbogbo ẹ̀rọ wọn. Àwọn bíi Quanta àti Compal ní Taiwan ló ń bá wọn ṣe é. Ẹ lè sá fún ẹnì kan, kí ẹ sì tún bá a níwájú pẹ̀lú aṣọ mìíràn lọ́rùn.

Ní ti bátìrì yín, mi ò rò pé iléeṣẹ́ náà jẹ̀bi. Bátìrì lithium a máa gbó bí ẹ ti ń lò ó tán tí ẹ sì ń fi iná kún un, ooru sì máa ń tètè pa á. Bátìrì MacBook òde òní gan-an, ìgbà 1000 irú ìlò bẹ́ẹ̀ ni Apple ṣírò fún un. Bó bá jẹ́ Windows lẹ ń lò, ẹ ṣí Command Prompt (fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí), ẹ tẹ powercfg /batteryreport, yóò kọ fáìlì kan fún yín. Ẹ wá Design Capacity (iye iná tí wọ́n ṣe é láti gbà ní tuntun) nínú rẹ̀, kí ẹ fi wé Full Charge Capacity (iye tó lè gbà báyìí). Bí èkínní bá jẹ́ 50,000 tí èkejì sì jẹ́ 22,000, bátìrì ti darúgbó nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ bí ibi tí ẹ ń fi ìka fà bá ti ń wú sókè, bátìrì ló ń wú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi iná sí i mọ́, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú.

Gbígbóná ńkọ́? Eruku inú fáànù àti òróró tó ń gbé ooru kúrò lórí prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó ti gbẹ ni, nígbà púpọ̀. Ti híńjì nìkan ni mo lè bá yín bínú sí.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ yí padà lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ mọ̀ pé ó ní ohun tó máa ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Odidi oṣù kan ni mo fi ń tẹ Fn níbi tó yẹ kí n tẹ Ctrl, torí ipò wọn ò bá ara mu lórí ẹ̀rọ tuntun. Ṣájà mi àtijọ́ kò wọ̀ ọ́. RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 8 GB tó wà nínú ẹ̀rọ kejì yẹn, òjé ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù, kò sí bí mo ṣe lè fi kún un. Gbogbo Mac tó ń lo M1 àtàwọn tó tẹ̀ lé e láti 2020 náà kò ṣeé fi RAM kún, ẹ ra iye tí yóò tó yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ Mac lẹ ń lọ, díìsìkì òde tí ẹ ti fi NTFS (ètò tí Windows fi ń to fáìlì) ṣe, yóò kà á, kò ní lè kọ nǹkan sí i. Ẹ kọ́kọ́ kó ohun inú rẹ̀ síbòmíràn kí ẹ sọ ọ́ di exFAT, ètò tí Mac àti Windows jọ lè lò. Bó bá sì jẹ́ àlòkù Windows lẹ fẹ́ rà, ẹ rí i dájú pé ó gba Windows 11, nítorí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025.

Ẹ ó fẹ́ mọ èyí tí mò ń lò báyìí. Ti iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ ni, àwọn tí mo búra lé lórí. Àlòkù tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì ni, kò lẹ́wà rárá, ó wúwo ju èyí tí mo fi ń yangàn lọ. Ó ti pé ọdún 5 lọ́wọ́ mi. Mo ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èmi fúnra mi ni mo tú síkúrù ìdí rẹ̀. Híńjì rẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀.

Ẹ ṣe ìdánwò bátìrì yẹn lálẹ́ òní, kí ẹ sọ nọ́ńbà méjèèjì fún mi. Ẹ tún dojú ẹ̀rọ náà dé, kí ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà ní ìdí rẹ̀ ránṣẹ́. Orúkọ iléeṣẹ́ nìkan tí ẹ sọ yẹn, kò tíì sọ nǹkan kan fún mi.