Ṣé kí n yọ systemd kúrò nítorí pé ó díjú jù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ètò kan tí mo kọ máa ń kú lóru lórí server mi, Linux Debian 12 ló wà lórí ẹ̀, mi ò sì ní mọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹnì kan ní systemd, ètò tó ń gbé àwọn ètò yòókù dìde lórí Linux, ló fà á, pé ó ti díjú jù, pé kí n yọ ọ́, kí n kọ script kékeré, ìyẹn fáìlì àṣẹ, sínú àpò /etc/init.d bíi ti àtijọ́. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?

Ìdáhùn: Mi ò ní kọ́ yín ní script kankan, ẹ má bínú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn tó ń pín ìmọ̀ràn "yọ ọ́ dànù" kì í bá ènìyàn jí lóru nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Systemd kọ́ ló pa ètò yín. Ètò yín ló kú fúnra rẹ̀, systemd ò sì jí i torí pé ẹ ò ní kó jí i: bí ẹ ò bá kọ ìlà Restart sínú fáìlì unit yín, ìyẹn fáìlì tó ń sọ fún systemd bó ṣe máa ṣe ètò yín, "no" ni systemd máa kà á sí. Lábẹ́ [Service], ẹ kọ:

Restart=on-failure
RestartSec=5

Ẹ ṣe systemctl daemon-reload, kí ẹ tún ètò náà gbé dìde. Lẹ́yìn náà ẹ fi journalctl -u pẹ̀lú orúkọ unit yín wo ohun tó ń pa á. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, torí jíjí tí systemd ń jí i kò wo àìsàn rẹ̀ sàn.

Ohun tó ń múnú bí mi ni ọ̀rọ̀ "script kékeré rọrùn" yìí. Script init.d a gbé ètò dìde, a sì bá tirẹ̀ lọ. Kì í dúró ṣọ́ nǹkan kan. Bí ètò yín bá kú ní aago méjì òru, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ohun tí ẹ sì ń ráhùn lé lórí gan-an nìyẹn. Kí script tó lè mọ̀ bóyá ètò ṣì wà láàyè, ó ní láti kọ PID rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí kernel, ọkàn Linux, fún un, sínú fáìlì kan. Ètò kú, fáìlì ò kú. Kernel sì máa ń tún nọ́ńbà lò. Bó bá ti fún ètò mìíràn ní nọ́ńbà yẹn, tí ẹ wá pàṣẹ stop, ètò ẹlẹ́tò lẹ máa pa. Bí ètò yín bá sì ti bí ọmọ, tí ọmọ ti yọ kúrò lábẹ́ rẹ̀, stop ò ní kàn án rárá. Ẹ óò fi if kan dí ihò àkọ́kọ́, ẹ óò fi òmíràn dí èkejì, títí ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ ò fi ní lóye rẹ̀ mọ́. Systemd ní tirẹ̀ ń kó ètò àtàwọn ọmọ rẹ̀ sínú cgroup, agbo tí kernel Linux ti ń ṣọ́ láti 2008. Ibi yòówù kí ọmọ sá gbà, systemd mọ agbo tó ti wá.

Mi ò sọ pé systemd ò lábùkù. Iṣẹ́ tó gbà mọ́ra pọ̀, àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ò sì ṣeé fi àṣẹ cat kà bíi fáìlì ọ̀rọ̀ lásán. Bó bá jẹ́ ìrọ̀rùn gidi lẹ fẹ́, runit wà, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, òun ni Void Linux, ẹ̀yà Linux kan, ń lò: fáìlì run rẹ̀ kì í ju ìlà díẹ̀ lọ, runsv, apá kan nínú runit, sì ń dúró ti ètò bí òbí, á gbé e dìde bó bá ṣubú, láìgbára lé fáìlì PID. Ẹ ṣáà ṣàkíyèsí pé òun náà ń ṣọ́ ètò.

Ṣùgbọ́n ẹ má fa systemd tu lórí Debian tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn package (àkójọ ètò) mìíràn gbára lé e. Orí ẹ̀rọ tí kò sí dátà ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni kí ẹ ti dán runit wò. Mi ò rí ẹ̀rọ yín o, nítorí náà ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín sí ibòmíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bó bá tún kú, ẹ wo journalctl -k bóyá ìrántí ẹ̀rọ ló tán tí kernel fi pa á, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi.