Ọba tiwa, oba tiwọn

Ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Tọ́kì la ti mú ọ̀rọ̀ náà "ọba" wá. Ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ló ti gbọ́ ọ: àwọn Tọ́kì ní "oba" nínú èdè wọn, ẹ̀rí sì nìyẹn pé ọ̀nà ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa gbà dé Ifẹ̀. Àbúrò, irọ́ ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá, irú àlàyé yìí kò sì yéé bí mi nínú.

Oba àwọn Tọ́kì, àgọ́ ńlá àwọn darandaran ni, tàbí ibùdó tí wọ́n pa irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ọ̀pọ̀ abúlé lọ́hùn-ún fi parí sí "oba". Kò kan adé, kò kan ìtẹ́. Bí ìró nìkan bá tó ẹ̀rí, ó yẹ ká wá ìdílé wa dé Pólándì náà, níbi tí "oba" ti jẹ́ "àwọn méjèèjì". Bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá ni oba tiwọn yẹn pẹ̀lú "ambo" inú èdè Látìnì. Ní Japan, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí ẹni lóbìnrin ni "oba", ṣùgbọ́n "woba" ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́. Bí a bá tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí padà sẹ́yìn, ńṣe ni ìjọra náà ń pòórá. Ẹ má tilẹ̀ jẹ́ ká rìn jìnnà: àwọn Igbo tó wà nítòsí wa ní "ọba", ibi tí wọ́n ń to iṣu sí lẹ́yìn ìkórè ni.

Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé ibi gbogbo la ti ń dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló dùn ju ara wọn lọ. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń pa òwe yìí nígbà tí wọ́n bá ń fọ́nnu nípa oúnjẹ tàbí ọrọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ìdáhùn tó péye jù sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu ọmọ ènìyàn ni ààrò. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì mọ èdè kankan ti ń pa ètè méjèèjì pọ̀ pé "ba, ba", ní Ìbàdàn, ní Tokyo, níbi gbogbo. O, b, a: òkúta ààrò mẹ́ta ni wọ́n, agbolé tó ní wọn pọ̀ lọ jàra. Nírọ̀lẹ́, èéfín á máa rú ní ọ̀pọ̀ àgbàlá. Ṣé tìtorí pé èéfín rú nílé lágbájá ni a ó ṣe sọ pé ilé wa ló ti wá fọnná?

Àwọn kan wà tó fọnná lóòótọ́. Ní Ẹdó, Ọba ni wọ́n ń pe ọba wọn. Ohun kan náà ló ń jẹ́, aládùúgbò ni wá, èdè wa sì tan. Bí a ṣe ń mọ ìbátan ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń jọ. Ẹ gbọ́ Ígálà: ẹ̀ta, ẹ̀fà, ẹ̀jọ, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Níbi tí a ti ní ẹ̀rin, ẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ní. Àrún wa, ẹ̀lú wọn. "R" wa ń di "l" wọn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Èèṣì kì í tò báyìí. Àlùfáà àgbà J. Olumide Lucas, ọ̀mọ̀wé tí mo bọ̀wọ̀ fún, fi ìró ọ̀rọ̀ so wá mọ́ Íjíbítì ní 1948. Èmi ò gbà.

Ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo èyí ni pé a ti bọ́ ohùn kúrò lára ọ̀rọ̀ wa. Mo gbà á gbọ́ pé ohùn ni orílẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ọba ní àmì abẹ́ ọ, ó ní ohùn àárín méjì. Oba Tọ́kì kò ní èyíkéyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ ọ́ sínú àròkọ nígbà kan pé "Oba kun lana, o gbe afara lo." Odò Ọbà ló ń sọ, èmi sì jókòó, mò ń wá ọba tó gbé afárá. Àṣìṣe tí gbogbo wa ń fi fóònù ṣe lójoojúmọ́ báyìí nìyẹn.

Ní Salvador, ní Brazil, Ilê Axé Opô Afonjá, ilé ìsìn òrìṣà tí ìyálórìṣà Mãe Aninha dá sílẹ̀ ní 1910, ní olóyè 12 tí wọ́n ń pè ní Obá ti Ṣàngó. Ọbà, aya Ṣàngó, Obá náà ni wọ́n ń kọ ọ́. Èdè Potogí ló bo ohùn méjèèjì mọ́lẹ̀. Ọmọ àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kó sọdá òkun ni wọ́n, ta ni yóò bá wọn wí? Àwa tí a jókòó sílé ni mò ń bá wí.

Nítorí náà, àbúrò, bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn bá tún dé, bi í pé ọ̀rọ̀ mélòó ló ní lẹ́yìn "oba", kí o sì ní kó pe ohùn wọn fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan.