Lẹ́tà ń wọlé, ṣùgbọ́n kì í jáde: ìdáhùn lórí ímeèlì iléeṣẹ́ nínú Outlook

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ímeèlì iléeṣẹ́ wa, èyí tó ń lo orúkọ ìkànnì tiwa, wà nínú Outlook lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Láti ìgbà tí a ti pààrọ̀ iléeṣẹ́ tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà ń wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tí a bá kọ kì í kúrò nínú Outbox, àpótí tí lẹ́tà tó fẹ́ jáde ń dúró sí. Nọ́ńbà àṣìṣe tó ń gbé jáde ni 0x80042109. Mo ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, kò yanjú. Lórí fóònù mi, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Ṣé kí n yọ àkáǹtì náà kúrò, kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yọ ọ́. Àwọn lẹ́tà tó há sínú Outbox kò sí níbòmíràn àfi inú kọ̀ǹpútà yẹn, nítorí kò tíì sí sáfà kankan (ẹ̀rọ tó ń gba lẹ́tà, tó sì ń gbé e lọ) tó gbà wọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ POP3, ọ̀nà tó ń kó lẹ́tà wá sórí kọ̀ǹpútà, lẹ ń lò dípò IMAP, èyí tó ń fi wọ́n sílẹ̀ lórí sáfà, ó ṣeé ṣe kí àwọn lẹ́tà àtijọ́ pàápàá ti kúrò lórí sáfà, kó jẹ́ pé fáìlì kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà náà ló gbé wọn dání. Ẹ lọ sí Send/Receive, ẹ tẹ Work Offline, kí ẹ wá fa gbogbo ohun tó wà nínú Outbox sí Drafts, kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Nọ́ńbà àṣìṣe yẹn ló sọ̀rọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Lẹ́tà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde kì í gba ẹnu ọ̀nà kan náà: IMAP ń gba pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà tó ní nọ́ńbà) 993, POP3 ń gba 995, SMTP tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sì ní pọ́ọ̀tù tirẹ̀. Ohun tí 0x80042109 ń sọ ni pé Outlook kò rí sáfà ìfiránṣẹ́ bá sọ̀rọ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ aṣínà ló ní àbùkù, sáfà náà ì bá ti dáhùn, ì bá sì ti kọ̀ yín. Ìdáhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 535, èyí tó ń sọ pé sáfà kọ orúkọ ìwọlé tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà, lẹ ì bá rí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ aṣínà kò jẹ̀bi, yíyí tí ẹ sì yí i padà kò lè ṣàǹfààní kankan, àfi pé ó di dandan báyìí kí ẹ tún un tẹ̀ sórí gbogbo ẹ̀rọ mìíràn tó ń lo àkáǹtì náà.

Pọ́ọ̀tù 25 ni mo kọ́kọ́ fura sí. Òun ni SMTP ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, òun náà sì ni àwọn sáfà fi ń gbé lẹ́tà fún ara wọn títí di òní. Ṣùgbọ́n nítorí pé kọ̀ǹpútà tí kòkòrò ti wọ̀ máa ń gba ibẹ̀ da ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà jìbìtì síta, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti dí i mọ́ àwọn oníbàárà wọn. Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti ya pọ́ọ̀tù 587 sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ní ọdún 2018, ìlànà tuntun tún fọwọ́ sí 465, níbi tí ààbò ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ kankan tó kọjá. Àkáǹtì tí wọ́n ti ṣètò láti ọjọ́ pípẹ́ lè ṣì wà lórí 25 láìsí ẹni tó fura, títí iléeṣẹ́ náà yóò fi bọ́ sọ́wọ́ olùpèsè tó ti dí i.

Ti fóònù tí ẹ mẹ́nu bà, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ, nítorí ó lè jẹ́ dátà tirẹ̀ ló ń lò. Ẹ pa dátà náà, ẹ so fóònù mọ́ Wi-Fi ọ́fíìsì, kí ẹ wá fi lẹ́tà kan ránṣẹ́. Bí ó bá lọ, nẹ́tíwọ̀kì yín kò burú, ètò inú Outlook ló yẹ ká tún ṣe. Bí kò bá lọ, ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀: ẹ fi dátà fóònù fún kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì; bí lẹ́tà bá lọ báyìí, nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì ló ń dí ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí tó dájú jùyẹn lọ lè ṣí PowerShell, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ sí Windows, kó kọ Test-NetConnection, kó fi orúkọ sáfà ìfiránṣẹ́ tẹ̀ lé e, kó sì fi -Port 587 parí rẹ̀. Bí ìlà TcpTestSucceeded bá sọ pé True, ọ̀nà là.

Láti ṣe àtúnṣe náà, ẹ tẹ File, ẹ wọ Account Settings, kí ẹ sì yan Server Settings; nínú Outlook tó ti pẹ́ díẹ̀, abẹ́ More Settings ni ẹ ó ti rí i. Ní apá ìfiránṣẹ́, ẹ kọ 587, kí ẹ sì yan STARTTLS (ààbò tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ìsopọ̀ bá ti wáyé), tàbí kí ẹ kọ 465 pẹ̀lú SSL/TLS (ààbò tó ń bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀). Ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀, nítorí 465 pẹ̀lú STARTTLS yóò kàn máa yí bírí títí àkókò yóò fi tán ni. Ẹ rí i dájú pé ẹ ti fi àmì sí ibi tó sọ pé sáfà ìfiránṣẹ́ ń béèrè ìdánimọ̀, kí orúkọ ìwọlé sì jẹ́ àdírẹ́sì ímeèlì lódindi, kì í ṣe apá tó ṣáájú @ nìkan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ àmì kúrò lórí Work Offline, kí ẹ sì fi àwọn lẹ́tà inú Drafts ránṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ohun kékeré kan tó ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú níbí: lẹ́tà tó ṣe tán láti lọ nínú Outbox máa ń fara hàn ní ìkọ̀wé dídàgẹ̀ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ṣí i wò, tí ẹ sì tì í padà, ìkọ̀wé náà yóò nà ró, lẹ́tà náà kò sì ní lọ mọ́ àfi bí ẹ bá tún tẹ Send. Ẹ wo ìwọ̀n fáìlì tí ẹ so mọ́ ọn pẹ̀lú, nítorí ó máa ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta wú sí i lójú ọ̀nà, tí fáìlì 20 MB yóò fi di nǹkan bíi 27 MB, ọ̀pọ̀ sáfà kì í sì gbà ju 25 MB lọ.

Bí pọ́ọ̀tù bá ti ṣí, tí 535 wá jáde, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ aṣínà di ẹjọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi í wọlé láti inú bùráwúsà. Bí ó bá gbà yín níbẹ̀, tí Outlook sì kọ̀, ó ṣeé ṣe kí olùpèsè ímeèlì yín máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà pàtàkì tí wọ́n ń ṣe fún áàpù, tàbí OAuth, ọ̀nà ìwọlé tó ń gba ojú ewé olùpèsè náà fúnra rẹ̀ kọjá.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi sáfà ìfiránṣẹ́ ti iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tuntun rọ́pò tiyín. Èmi kò fara mọ́ ọn. Lẹ́tà yóò kúrò nínú Outbox lóòótọ́, ṣùgbọ́n sáfà náà kò sí nínú àwọn tí àkọsílẹ̀ SPF (àkọsílẹ̀ àwọn sáfà tó lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórúkọ ìkànnì) ti orúkọ ìkànnì yín fún láṣẹ, láti oṣù Kejì ọdún 2024 sì ni Google àti Yahoo ti le sí i lórí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Inú àpótí spam oníbàárà ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ yóò máa sùn, ẹ kò sì ní mọ̀.

Bí 587 àti 465 bá kọ̀ pátápátá lórí Wi-Fi ọ́fíìsì, tí méjèèjì sì ṣiṣẹ́ lórí dátà fóònù, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ fi orúkọ sáfà, nọ́ńbà pọ́ọ̀tù, àbájáde Test-NetConnection àti àkókò tí ẹ dán an wò ránṣẹ́ sí wọn, nítorí bí ẹ bá kàn sọ pé ímeèlì kò ṣiṣẹ́, wọn yóò ní kí ẹ pa ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tún un tàn.