Ta ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà?

Aloma Mariam Mukhtar ni, tí wọ́n bí ní 1944. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti di lọ́yà ní 1966, òun sì ni lọ́yà obìnrin àkọ́kọ́ láti Òkè Ọya. Ó dé Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 1987, Kóòtù Gíga Jùlọ ní 2005. Oṣù Keje 2012 ló di Adájọ́ Àgbà.

Èyí tí èmi ò gbàgbé: lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ó kọ̀ láti búra fún adájọ́ obìnrin kan, ọmọ Anambra tó lọ́kọ sí Abia, pé kò lè fi ìpínlẹ̀ ọkọ gba ipò. Ariwo sọ, wọ́n padà búra fún un.

Mukhtar fẹ̀yìn tì ní 2014, lọ́jọ́ tó pé ẹni 70 ọdún géérégé. Kudirat Kekere-Ekun, ọmọ Èkó, ni obìnrin kejì, ní 2024.