Ẹ bi Kánsẹ́lọ̀: ta ló ni gọ́tà iwájú ilé yín?

Lẹ́tà yín pọ̀ gan-an lóṣù yìí. Òjò ló fà á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ iná nìkan lẹ máa ń kọ sí mi. Mo mú àwọn tí mo lè dáhùn láìpurọ́. Ìyá tó ní kí n bá àwọn wá iṣẹ́ aṣọ́bodè fún ọmọ wọn, mo ti rí lẹ́tà yín, mà, ṣùgbọ́n a kì í jíròrò irú ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn.

Ẹ̀yin Kánsẹ́lọ̀ wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ìyá mi ń ta èlùbọ́ nítòsí kọ́fátì ìsàlẹ̀ àdúgbò wa n'Íbàdàn níbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lomi ti wọ ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́dún yìí, àpò èlùbọ́ méjì ló sì ti bà jẹ́. Gọ́tà yẹn ti dí pátápátá. Ṣé ẹ ò rí i ni, àbí ẹ kì í gba ibẹ̀ kọjá? (Ọmọ eléèlùbọ́)

Mo rí i. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn, torí ọkọ̀ tí gbogbo yín rò pé wọ́n fún kánsẹ́lọ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ tèmi. Bá mi kí màmá kú àdánù.

Ní ìparí oṣù tó kọjá, mo wọ bàtà òjò, mo sọ̀kalẹ̀ sínú gọ́tà náà. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló tẹ̀ lé e. Iyanrìn tí ẹnì kan tó ń kọ́lé lókè dà sẹ́bàá títì láti ọdún Àjíǹde náà wà níbẹ̀, òjò ń gbé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀. A tún bá odidi mátírẹ́ẹ̀sì kan. Ẹnì kan ló gbé e jáde lóru, tó wọ̀tún, tó wòsì, tó wá rọra tẹ́ ẹ síbẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní fún àlejò. Wọ́n ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ládùúgbò tiwa, onílé gan-an ló ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ọjọ́ Omíyalé, nígbà tí odò Ògùnpa kún. Orí èjìká bàbá mi ni mo wà tí mo fi rí ilẹ̀kùn kan tó ń léfòó lọ, adìyẹ kan dúró sórí ẹ̀, kò ké, kò fò. Mi ò tíì gbàgbé adìyẹ yẹn. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé, ó sì gbé èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ìyẹn ló mú kí Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà ní 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2014 nítorí àgbàrá Ìbàdàn. Àwọn odò ńlá àti afárá ni wọ́n tìtorí ẹ̀ yáwó yẹn. Káńsù ló ni gọ́tà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù màmá rẹ. Àfikún Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀: gọ́tà, títì àdúgbò, iná òpópónà, ọjà, gáréèjì, ibi ìsìnkú, kíkó ilẹ̀, káńsù ló ni gbogbo wọn. Mi ò ní tì í sí gómìnà lọ́rùn.

Oṣù Kẹta ni mo gbé àbá wá sílé aṣòfin káńsù wa pé kí wọ́n fẹ kọ́fátì yẹn, torí páìpù inú ẹ̀ kéré. Wọ́n fọwọ́ sí i. Katapílà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbẹ́ ìdajì, dísù tán, ó padà lọ. Títí dòní, a ò rí i mọ́. Mo bi wọ́n léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ó wà níbi iṣẹ́ míì. Màá tún bi wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wolé-wolé ti fún oníyanrìn ní ọjọ́ méje kó kó o kúrò.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, ká pàdé lẹ́nu kọ́fátì. Mú ṣọ́bìrì dání. Ẹrẹ̀ tá a bá kó jáde, a ò ní fi sílẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà o, torí bá a ṣe máa ń ṣe nìyẹn, tí òjò àkọ́kọ́ á sì dá a padà síbi tá a ti kó o. Onítípà kan ti gbà láti wá, èmi ni màá ra dísù ẹ̀.

Kánsẹ́lọ̀, ọmọ mi, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí tiransifọ́mà wa ti jó. Wọ́n ní ká dáwó jọ ra òmíràn, ẹgbẹ́ onílé sì ti bù ú lé ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí n san? (Bàbá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin)

Ẹ kú ìnira òkùnkùn, Bàbá. Ẹ má tíì san o. Mi ò ní kẹ́ ẹ má san láéláé, torí mo mọ bí ooru ṣe ń ṣe àgbàlagbà lóru.

Káńsù kọ́ ló ni iná, ṣùgbọ́n mo mọ èyí: òfin NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí iná mànàmáná, ni pé kí àdúgbò tó fowó ara ẹ̀ ra tiransifọ́mà, òun àti ilé iṣẹ́ tó ń pín iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, kí wọ́n sì kọ bí owó náà á ṣe padà sọ́wọ́ àwọn tó dá a síbẹ̀. Tí ò bá sí ìwé yẹn, ọrẹ lẹ ta wọ́n. Aṣọ òkè ni mò ń tà l'Ọ́jẹ̀ẹ́ kí n tó débí. Mi ò ra òwú rí láìgba rìsíìtì.

Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ onílé kí wọ́n kọ lẹ́tà méjì tó rí bákan náà sí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kí wọ́n sì ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìkejì fún wọn. Ní Ọjọ́bọ̀ màá bá wọn lọ. Nígbà mìíràn, ẹni tí ọ̀rọ̀ ò ká lára á dìde tó bá rí kánsẹ́lọ̀ tó jókòó tí ò fẹ́ lọ.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù ti ní kí owó yín máa wá tààrà láti Àbújá. Ṣé ẹ ti ń jẹ ẹ́ ni? (Ọ̀dọ́ tínú ń bí)

Ọmọ mi, inú tó ń bí ọ ò burú. Ọjọ́ 11 Oṣù Keje ọdún 2024 ni ìdájọ́ yẹn wáyé, pé kí owó gbogbo káńsù 774 tó wà ní Nàìjíríà má gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́. Ilẹ̀ tó wà láàárín ìdájọ́ àti àpò káńsù jìn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Àti pé kánsẹ́lọ̀ kì í fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì. Iṣẹ́ wa ni ká yẹ ètò ìṣúná wò, ká fọwọ́ sí i tàbí ká kọ̀ ọ́, ká sì máa béèrè ibi tówó gbà.

Wá wò ó fúnra rẹ. Àga àwọn ará ìlú wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn tá a ti ń jókòó. Látọdún tó kọjá, ẹni mẹ́ta péré ló ti jókòó síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ń sá fún òjò ni.

Aládùúgbò wa kan ti gbé pátákó síta, ó sọ òpópónà wa lórúkọ ara ẹ̀. Ṣé ó láṣẹ ni?

Kò láṣẹ. Káńsù ló ń sọ òpópónà lórúkọ, òun náà ló sì ń kọ nọ́ńbà sára ilé. Ẹ kọ̀wé, kí àwọn onílé fọwọ́ sí i, ẹ mú un wá fún mi. Mo mọ pátákó náà, wọ́n tiẹ̀ fi ọ̀dà wúrà kọ ọ́. Àdúgbò yẹn ti ń jẹ́ orúkọ kí bàbá ẹ̀ tó ra ilẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkùnrin kan tó jókòó sábẹ́ agboòrùn gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́wọ́ mi fún ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́ta. Ṣé iye ẹ̀ nìyẹn? (Ìyá ìkókó)

Rárá o. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18. Àjọ tó ń ka iye èèyàn, NPC, ló ń ṣe é. Wọ ọ́fíìsì wọn lọ, má dúró lọ́dọ̀ alágboòrùn. Mú ìwé tí wọ́n fún ọ níbi tó o bí i sí dání. Ẹ kú ewu ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní kó o mówó wá, ní kó kọ rìsíìtì.